Ìwé Ṣúgà Tí Mo Kọ fún Ẹ̀gà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Ìwé méjì ni mo ní báyìí. Èyí tó ní èèpo búlúù, ti ilé ìwòsàn ni. Ibẹ̀ ni mo ń kọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi sí, àárọ̀ àti alẹ́, kí Màmá Nọ́ọ̀sì lè yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Èyí tí mò ń kọ yìí, tèmi ni. Kò sẹ́ni tó máa yìn mí nítorí ẹ̀, torí náà mi ò ní parọ́ síbí.

Òótọ́ kìíní: pépà tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ku mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti gún ìka kẹ́yìn. Mò ń tọ́jú mẹ́ta yẹn de ọjọ́ tí ara mi bá ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú, kí n lè mọ irú ikú tó ń bọ̀, bóyá ṣúgà ló pọ̀ jù àbí ó ti tán.

Òótọ́ kejì: Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi, ní láti òní lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ la ó máa dáná. Ó ní ìrẹsì tún ti fò sókè. Mo bi í pé ṣé ìrẹsì ti hu ìyẹ́ ni. Ó ní kí n lọ fi àwàdà yẹn se ọbẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ọ̀dà kì í gbẹ nínú òjò, ẹni tó ní kí á bá òun kun pátákó kì í sì í sanwó pátákó tútù. Ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pátákó ìpolówó jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ojú ọ̀run jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní ká máa lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ ilé ìwòsàn. Ẹni mọ́kànlá la jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ti ń wọn ìwúwo. Kò sẹ́ni tó tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún nínú wa. Gbogbo wa tẹrí ba sórí ìwé bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ ṣèdánwò. Àwọn tó ń kọjá rò pé à ń kàwé ni. Irọ́ là ń kọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni irọ́ kíkọ, wọn kì í fi ìwàǹwára ṣe é. Bíírò mẹ́ta ni mo máa ń mú lọ: búlúù kan, dúdú kan, àti ọ̀kan tó ti fẹ́ tán, tó ń kọ hàràhàrà. Ẹni tó bá fi bíírò kan ṣoṣo kọ ọgbọ̀n ọjọ́ ti fa ara ẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Iye ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ dára jù. Ìwé tó bá mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Mo máa ń jẹ́ kí ṣúgà ga díẹ̀ láàárọ̀ mẹ́ta mẹ́rin kó lè dà bíi ti èèyàn. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "oúnjẹ alẹ́" sí, ojoojúmọ́ ni mo ń fa ìlà pé a jẹun. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ fún àlejò pé ebi sun òun?

Iṣẹ́ pátákó ló jẹ́ kí ọwọ́ mi dára tó bẹ́ẹ̀. Mo lè kọ̀wé bí ọkùnrin, mo lè kọ̀wé bí obìnrin, mo lè kọ̀wé bí ẹni tí oorun ń kùn. Akọ̀wé ni gbogbo bẹ́ǹṣì ń pè mí. Ẹni mẹ́ta ni mo bá kọ lónìí, ọ̀kan fún mi ní ẹyin sísè. Mo jẹ ẹ́ kó tó tutù.

Ẹ̀gà ló dé kẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọdún tó kẹ́yìn ló wà nílé-ìwé. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹ̀gà, torí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹnu ẹ̀ ò sinmi rí. Bó ṣe ń gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá ẹ̀, tó ń fọṣọ fáwọn èèyàn tó sì ń lọ̀ ọ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún omi òjò kúrò létí aṣọ ẹ̀.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ gbà mí. Ìwé mi funfun báláú."

"Ìgbà wo lo ti gún ìka kẹ́yìn?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi."

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, torí náà mo sáré. Mo ti lo àwọn iye tó dára tán fún àwọn yòókù, mi ò sì fẹ́ kí ìwé méjì jọra. Ni mo bá fún un ní àárọ̀ tó ga: 231, 218, 246, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fa ìlà oúnjẹ alẹ́ láti orí dé ìsàlẹ̀. Ìyá ẹ̀ rò pé mò ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Kò mọ̀wé. Ó ní, "O ṣé o, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yẹn."

Màmá Nọ́ọ̀sì bọ́ síta sí gbogbo wa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó ní àwọn tó ń fún wa ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ti dín in kù. Ó ní ẹni tí ìwé ẹ̀ bá pé ló máa dúró lórí àkọsílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó kọ irọ́, orúkọ ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ló bá gba ìwé mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ó ní, "Ẹ wo ti ọmọ yìí. Ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe." Ẹ̀gà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí mo fi fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ẹ̀gà jáde lọ́dọ̀ dókítà, ó fa ojú ro. "Wọ́n ní ṣúgà mi ń ga láàárọ̀. Wọ́n sọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ alẹ́ tó ń fa ṣúgà mi wálẹ̀ láti mẹ́rìnlá di méjìdínlógún. Bọ̀dá, èyí tó dáa tán lọ́wọ́ yín ni?"

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Oòrùn yọ! A kun pátákó oníbàtà. Orí àkàsọ̀ ni mo wà nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́tà kẹta ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Ọ̀gá pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ṣé ọtí ni mo fi fọnu láàárọ̀ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sínú eruku, mo da ṣúgà tó wà nínú ọ̀rá nínú àpò mi sẹ́nu.

Mo sọ fún un. Ó ti pé ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

"Ìtọ̀ ṣúgà? Ìwọ yìí? Ìwọ tó o gbẹ bí igi ìdáná? Àrùn àwọn olówó mà nìyẹn!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ṣìnà ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gun àkàsọ̀ mọ́ láìjẹun, ló bá ya búrẹ́dì ẹ̀ sí méjì. Lẹ́tà kẹta ọ̀hún, òun fúnra ẹ̀ ló tún un kùn. Inú mi dùn lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Òjò ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Kò síṣẹ́, kò sí búrẹ́dì Ọ̀gá. Lánàá mo ní bí mi ò bá ti jẹun, kí ni mò ń gún abẹ́rẹ́ fún? Mi ò gún un. Ó bọ́gbọ́n mu létí, ṣùgbọ́n ara ò gbọ́ ọgbọ́n yẹn. Ó ti di ọ̀sán òní kí n tó mọ̀ pé mo ti mu kẹ́tù omi kan tán, mo sì ti lọ tọ̀ nígbà mẹ́jọ. Mo lo pépà kan: 389. Àṣé bí èèyàn ò jẹun, ṣúgà á wá ibòmíràn gbà wọlé. Mo sáré gún un. Pépà ku méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀wà. Mo jẹ àwo méjì. Àǹtí mi ò jẹ, ó ní òun ti jẹun níbi tí òun ti ń tọ́jú ọ́fíìsì. Mo mọ̀ pé wọn kì í fún wọn lóúnjẹ níbẹ̀. Mo ṣì jẹ àwo kejì ọ̀hún.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹfà

Mo pàdé Ẹ̀gà nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní ní ìdájí báyìí, òógùn máa ń bo òun débi pé aṣọ òun á tutù rinrin, òun á sì máa lálàá pé òun ń sá fún nǹkan. Ìyá ẹ̀ ní àlá burúkú ni, ó ń gbàdúrà sí i lórí.

Mo ní kó máa jẹ nǹkan kó tó sùn.

Ó wò mí. "Bọ̀dá Akọ̀wé, kí n jẹ kí ni? Kí n jẹ pátákó?"

Aṣọ ò gbẹ nínú òjò yìí, ìyá ẹ̀ ò sì lè gba owó aṣọ tí kò gbẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa àti tiwọn, òjò kan náà ló pa á. A sọ̀rọ̀ ìdánwò ẹ̀, a sọ̀rọ̀ olùkọ́ kan tó máa ń pọ́n imú nígbà tó bá ń ṣírò, a rẹ́rìn-ín, mo gbé omi mi lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gà ò jí láàárọ̀ yìí.

Ọ̀sán ni mo tó gbọ́. Ìyá ẹ̀ pè é, pè é, kò dáhùn. Ara ẹ̀ tutù, ehín ẹ̀ há, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Ọlọ́kadà kan ló gbé wọn, ìyá ẹ̀ dì í mọ́ àyà láàárín. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti fa omi ṣúgà sí i lára. Ó ti la ojú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo òrùlé. Mo pè é ní Ẹ̀gà, kò yíjú.

Mi ò rí i kó dákẹ́ rí.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹfà

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí dáadáa.

Dókítà ṣí ìwé búlúù ẹ̀ níwájú wa. Ó fi ìka tẹ àwọn iye tí mo kọ: 231, 218, 246. Ó fi ìka tẹ àwọn ìlà oúnjẹ alẹ́. Ó ní ọmọ tí ṣúgà ẹ̀ ga báyìí láàárọ̀, tó sì ń jẹun alẹ́ lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ méjìdínlógún ò lè dá a dùbúlẹ̀ tó báyìí. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ó gún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi ìyá ẹ̀ pé, "Ṣé kò sí wàhálà kankan nílé? Ṣé ẹnì kankan ò bá a jà? Ṣé kò sọ rí pé ayé sú òun?"

Ìyá ẹ̀ ò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó yé e, ó káwọ́ lérí. "Ọmọ mi? Kó pa ara ẹ̀? Ọmọ mi tó ń kọrin sétí mi nígbà tí mò ń fọṣọ?"

Mo dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi, ọwọ́ tí Ọlọ́run á bù kún, wà nínú àpò mi.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

Mo sọ fún Àǹtí mi. Ó ń fọ àwo lọ́wọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kò gbójú sókè.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ẹ̀gà, àtàwọn ará bẹ́ǹṣì tí àwọn náà ń kọ irọ́. Ẹ̀gà ò sì lè sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Mo ní, "Àǹtí, wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹni tó fẹ́ para ẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjìdínlógún náà ni wọ́n sì máa fún un lọ sílé. Ìdájí mìíràn á tún kò ó."

Ìgbà yẹn ló tó kojú sí mi. "Tí wọ́n bá yọ orúkọ ẹ ńkọ́? Ta ló máa ra abẹ́rẹ́ fún ẹ? Èmi tí mò ń gbá ilẹ̀? Ọmọ ọdún mọ́kànlá lo wà nígbà tó o dákú lọ́wọ́ mi, èmi ni mo gbé ẹ. Màmá ti lọ, Bàbá ti lọ, èmi ni mo gbé ẹ! Mi ò ní gbé ẹ lẹ́ẹ̀kejì." Ó fọ́ àwo kan. Ó ṣà á, ó sọ pé àwo yẹn ti sán tẹ́lẹ̀.

Kò sí nínú wa tó jẹun lálẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Mo dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Mo padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gà sọ̀rọ̀! Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni tó jẹ iṣu gbígbóná, apá òsì ẹ̀ ò sì tíì le dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí. Ìyá ẹ̀ lọ pọn omi. Ẹ̀gà fi ojú pè mí súnmọ́ra.

"Bọ̀dá Akọ̀wé. Ẹ má sọ o."

Mo ní, "Wọ́n ní o fẹ́ para ẹ."

"Kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ má sọ. Wọ́n á yọ wá. Ìyá mi ò lè rà á." Ó sinmi kó tó sọ ìyókù. "Ìdánwò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo bi í pé kí ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ Ajé tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Ó di ojú. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ, àṣé ẹkún ló ń sun. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo kàn ń gbá eṣinṣin kúrò lára ẹ̀.

Nígbà tí mò ń jáde, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Ajé ni yóò lọ sílé. Mo bi í pé abẹ́rẹ́ mélòó. Ó wo ìwé. Ó ní méjìdínlógún, kí ìyá ẹ̀ máa dúró tì í kó má baà gún jù.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹfà

Mo ka iye ẹni tí mo ti bá kọ ìwé láti ọdún tó kọjá. Ẹni márùn-ún. Bóyá wọ́n ti fi kún abẹ́rẹ́ àwọn mìíràn náà, mi ò mọ̀. N kì í bi wọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni bóyá ọwọ́ mi dára.

Inú bí mi sí ara mi débi pé mo fi orí gbá ògiri. Ọmọ Àǹtí mi, tó jẹ́ ọdún mẹ́rin, ní kí n tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà

Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó ń ka ìbọ̀wọ́ sínú páálí. Ó rí mi, ojú ẹ̀ tàn. "Ọmọ mi àtàtà! Ọjọ́bọ̀ mà ni tìẹ."

Mo kó bíírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé tábìlì ẹ̀. Mo sọ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe tò ó, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo ẹ̀: pé èmi ni mo kọ ìwé Ẹ̀gà, pé kò gún ìka, pé kò sí ṣúgà tó ga láàárọ̀, pé mo kàn jẹ́ kó ga kó má baà jọ ti àwọn yòókù ni.

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Ìwé tìẹ ńkọ́?"

"Irọ́ ni, Mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún méjì."

"Èyí tí mo gbé sókè níjọ́sí?"

"Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti kọ ọ́, Mà. Kẹ́ ẹ tó dé."

Ó ní, "Jáde." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún ní, "Dúró. Tẹ̀ lé mi."

Nínú wọ́ọ̀dù, wọ́n ti di ẹrù Ẹ̀gà. Dókítà wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí n tún un sọ. Ẹ̀gà ń mi orí fún mi látorí bẹ́ẹ̀dì pé rárá, rárá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn tutù. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ tán.

Ìyá ẹ̀ ní, "Kí lo kọ síbẹ̀ nípa oúnjẹ?"

"Mo kọ ọ́ pé ó ń jẹun lálẹ́, Mà. Ojoojúmọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ mi ń jẹun?"

Mò ń retí ìgbájú. Ká ní ó fún mi ni, ì bá tù mí lára.

Ó sọ báàgì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe èmi ló kọjú sí, dókítà ló kọjú sí.

"Ẹ má bá òun nìkan wí. Èmi ni mo ní kí ọmọ mi máa sọ pé òun ti jẹun. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi ojú òṣì wò ó. Alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mi ò rí nǹkan kan fún un. Mo ní kó gún abẹ́rẹ́ ẹ̀ kó lọ sùn. Mo ní, bó o bá ti sùn, ebi á gbàgbé ẹ." Ohùn ẹ̀ já. Ó nu imú ẹ̀ pẹ̀lú etí ìró, ó sì na ìka sí ìwé búlúù tó wà lọ́wọ́ dókítà. "Mi ò mọ̀wé. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ pa gbogbo ìyẹn rẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ebi ni."

Dókítà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fa igi gba ojú ìwé tí mo kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọ́. Mo rí i tó kọ ọ́. Ó sọ abẹ́rẹ́ alẹ́ di mẹ́wàá, ó tún kọ iye tó gbọ́dọ̀ gún bí kò bá sí oúnjẹ, ó ní kí wọ́n dúró dọ̀la kí wọ́n lè wo ìdájí ẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá Ẹ̀gà lórí ìbéèrè ọjọ́sí.

Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ yẹn tutù." Bóyá ìdáríjì nìyẹn, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò bi í.

Ẹ̀gà ní alábòsí ni mí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́ gaara lẹ́nu ẹ̀, láìwúwo rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Àǹtí mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí, ó ti rọ omi tuntun sínú ìkòkò amọ̀ tí abẹ́rẹ́ mi ń tutù sí.

Pépà kan: 204. Èyí, òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Ọjọ́ ilé ìwòsàn. Òjò dá. Ẹ̀gà ti wà nílé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá ẹ̀ ní ìdájí méjì ti kọjá láìsí òógùn, ó sì ti ń bá àwọn aládùúgbò jiyàn. Apá òsì ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nígbà tó bá di ife mú.

Lórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó yọ bíírò. Gbogbo wọn ti gbọ́. Ẹni tó fún mi lẹ́yin lóṣù tó kọjá sún síwájú kí ara wa má baà kan ara wa. Mi ò bá a wí. Bí wọ́n bá yọ orúkọ gbogbo wa, èmi ni mo fà á.

Màmá Nọ́ọ̀sì jáde wá, ó fa àga kan síwájú wa. Ó ní òun ò tíì mọ ohun tí àwọn tó ń fún wa ní abẹ́rẹ́ máa sọ, òun ti kọ̀wé sí wọn. Ó ní ti oṣù yìí ṣì wà, ti oṣù tó ń bọ̀, òun ò lè ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ó ní kí a pa ìwé dé, òun ò fẹ́ rí iye kankan lónìí. Orí mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí lo jẹ lálẹ́ àná?"

Ahọ́n mi ti fẹ́ sọ ìrẹsì. Ó ti mọ́ ọn lára.

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Mà."

Ó kọ ọ́. Ó bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ìyẹn ní búrẹ́dì. Èyí tó tẹ̀ lé e ní tíì. Ó ní, "Tíì pẹ̀lú kí ni?" Ọmọ yẹn ní tíì nìkan ni. Ó bọ́ sórí ẹlẹ́yin, ìyẹn kọ́kọ́ wo ojú mi, ó wá ní òun ò jẹun láti àárọ̀ àná. Ó ń kọ, ó ń bi, ó ń kọ. A jẹ́ mẹ́wàá tí kò bá sí ti Ẹ̀gà. Ẹni mẹ́fà ò jẹun alẹ́. Gbogbo àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la gún abẹ́rẹ́.

Nígbà tó dé ìparí bẹ́ǹṣì, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ ìpéǹpéjú ẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bá wa wí.

Ó ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń yìn yín."